Ọ̀dà Kò Lè Tún Igi Jíjẹ Ṣe: Bí A Ṣe Ń Sọ Àga Àlòkù Di Ọ̀tun

Bí sáà ẹ̀kọ́ bá ti ń parí lọ, ojú òpó WhatsApp kíláàsì a máa di ọjà. Àwọn ẹ̀gbọ́n wa tó ń lọ ṣe àgùnbánirọ̀ a máa ta tábìlì, àga àti kọ́bọ́ọ̀dù wọn. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba yàrá síta á rà wọ́n, á kun ọ̀dà sí i, á sì ya fọ́tò. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, ọ̀dà ti ń ṣí, ẹsẹ̀ àga ti ń mì, ìdun sì ti gba yàrá. Owó oúnjẹ ló wọlẹ̀ yẹn.

Láti ìpele kejì ni mo ti ń tún irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ṣe fún ara mi àti fún àwọn ọ̀rẹ́. Ohun tí mo rí ni pé ọ̀dà ló kéré jù nínú iṣẹ́ náà. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí mo ṣe ń ṣe é.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó sanwó

Àlòkù ni gbogbo ohun tí ẹlòmíràn ti lò kó tó kàn wá. Tòkunbọ̀ ni èyí tó ti òkun bọ̀. Ọ̀pọ̀ máa ń rò pé tòkunbọ̀ ló dára jù, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú tábìlì àti kọ́bọ́ọ̀dù tòkunbọ̀ ló jẹ́ lẹ́búlẹ́bú igi tí wọ́n fi gúlúù tẹ̀ pọ̀. Bí omi bá wọ inú rẹ̀, á wú bíi búrẹ́dì inú tíì, ìṣó kò sì ní dúró lára rẹ̀ mọ́. Àga ìrókò tàbí ọ̀gànwó tí káfíńtà àdúgbò kàn lọ́jọ́ tó ti pẹ́ lè rí jákujàku, síbẹ̀ kí igi rẹ̀ ṣì le.

Ẹ dojú rẹ̀ dé, kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀ níbi tí ọ̀dà kò dé. Ẹ fi ẹnu ìṣó tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀. Bó bá wọlé wẹ́rẹ́ bí ẹni gún iṣu sísè, ikán ti jẹ ẹ́, ẹ fi sílẹ̀. Bí ẹ bá rí ihò róbótó kéékèèké tí lẹ́búlẹ́bú tuntun ń dà jáde nínú rẹ̀, kòkòrò ṣì wà láàyè nínú igi náà. Àmì dúdú tótòtó ní oríkèé àga, ìdun ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ó kàn ń mì ni, ẹ fi ìyẹn ná an wálẹ̀, nítorí mímì kò le láti tún ṣe.

Kí ọ̀dà tó dé

Ìta ni kí ẹ ti ṣe èyí, kó tó wọ yàrá yín. Bó bá jẹ́ ojúlówó igi, ẹ da omi tó ń hó sí gbogbo oríkèé rẹ̀, kí ẹ sì tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan àti lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, nítorí pé ẹyin ìdun máa ń pa lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ má da omi sí èyí tó jẹ́ lẹ́búlẹ́bú. Ẹ gbé e síbi tí atẹ́gùn wà títí yóò fi gbẹ dáadáa.

Oríkèé tó ń mì kì í ṣe ohun tí à ń kan ìṣó mọ́ lásán, ṣe ni ìṣó máa ń mú kí ihò náà fẹ̀ sí i. Ẹ tú u, ẹ ha gúlúù àtijọ́ kúrò, ẹ fi gúlúù funfun tí àwọn káfíńtà ń lò sí i, kí ẹ sì fi rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ dì í pinpin di ọjọ́ kejì.

Lẹ́yìn náà ni sáńpépà. Láyé àtijọ́, ewé èèpín ni àwọn bàbá wa fi ń dán igi. Ẹ fi nọ́ḿbà 80 bẹ̀rẹ̀, ẹ lo 120, kí ẹ fi 220 parí rẹ̀. Ibi tí ìlà igi kọjú sí ni kí ọwọ́ yín máa lọ. Ìdí iṣẹ́ yìí ni pé ojú tó ń dán kì í di ọ̀dà mú.

Bí ọ̀dà àtijọ́ bá wà lára rẹ̀, ẹ fi omi tútù rin ín, kí ẹ lo sáńpépà tí kì í bẹ̀rù omi, kí ẹ sì fi ìbomú bomú. Òjé lè wà nínú ọ̀dà àtijọ́, eruku rẹ̀ ló sì ń gbé e wọ ara. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kò sí ìwọ̀n òjé kankan tí a mọ̀ pé kò léwu, ó sì burú jù fún ọmọdé.

Ọ̀dà àti aṣọ

Bí igi bá lójú tó dára, ẹ má kùn ún, fáníìṣì ti tó o. Bí ẹ bá fẹ́ kùn ún, ẹ kọ́kọ́ fi undercoat sí i, kí ẹ tó kun gloss fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì sùn di ọjọ́ kejì. Emulsion tó ṣẹ́kù lára ògiri kò yẹ tábìlì ìkàwé, ìwé a máa lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ má sùn sí yàrá tí ọ̀dà ti ń rùn.

Fọ́ọ̀mù àtijọ́ ni kí ẹ jù nù, ibẹ̀ ni ìdun ń sá pamọ́ sí. Yáàdì aṣọ kan tó ìjókòó àga kan. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ Ìbàdàndùn, èyí tí wọ́n ya òpó Gbọ̀ngàn Mápó sí, ni mo fi bo tèmi. Ẹ dá àdìrẹ fọ̀ títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́, kí aró má baà ràn mọ́ ṣòkòtò yín. Àárín ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kí ẹ ti kọ́kọ́ kàn án, kí ẹ tó ká igun rẹ̀, kí aṣọ má baà wọ́.

Ìwà lẹwà, ti àga náà sì ni. Nígbà tí àwọn ẹ̀gbọ́n wa bá tún pàtẹ ẹrù wọn, ẹ mú ìṣó kan dání, kí ẹ tan iná fóònù yín, kí ẹ sì kọ́kọ́ wo abẹ́ tábìlì kí ẹ tó béèrè iye tí wọ́n ń tà á.