Kẹ̀kẹ́ Ológeere láti Ọ̀tà dé Ẹsẹ̀ Òkè

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ni a fẹ́ bá yín sọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe kẹ̀kẹ́ Màrúwá tí gbogbo ìgboro Ṣàngó-Ọ̀tà kún fún. Orúkọ tí í ṣe ti ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ti gbà mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ bá gbọ́ ‘kẹ̀kẹ́’ lónìí, èyí tí ń kérò ni ó máa ń wá sí i lọ́kàn, èyí tí a fi orúkọ Buba Marwa pè, ẹni tí ó ṣe olórí ìjọba ológun ní Èkó láti 1996 sí 1999. Èyí tí à ń wí níhìn-ín ni kẹ̀kẹ́ ológeere, tí kì í mu epo, tí kò sì béèrè ju agbára itan ẹni tí ó gùn ún lọ. Kí ẹ má sì ṣe fi ohùn òkè pè é ní kẹ́kẹ́. Ilà ojú ni ìyẹn.

Ìbéèrè tí ó wà níwájú wa ni pé: ẹni tí ń gbé Ọ̀tà, láàárín èéfín ilé-iṣẹ́ àti ariwo táńkà, ǹjẹ́ ó lè gun kẹ̀kẹ́ dé ibi tí òkè gbé wà, tí adágún gbé wà, tí oko sì tẹ́ lọ rẹrẹ? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò rẹ́rìn-ín. Wọn yóò ní eré òyìnbó ni, àwọn ará Faransé ni kí wọ́n máa ṣe é lórí òkè wọn. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó wà nítòsí wa, kò sí èyí tí ó ju ìrìn ọjọ́ méjì lọ nínú wọn. Ohun tí ó ṣòro ni bí a ó ṣe dé ibẹ̀ láìfarapa, nítorí pé ọ̀nà tí ó fẹ̀ jù lọ ni ó burú jù lọ fún ẹni tí ó gun kẹ̀kẹ́.

Kẹ̀kẹ́ kì í ṣe àlejò ní agbègbè yìí. Ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà rẹ̀ láti Èkó ní 1896, tí ó dé Ìbàdàn ní 1901, gba ilẹ̀ Ọ̀tà àti Ifọ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n láti ibùdókọ̀ ojú irin dé abà, kẹ̀kẹ́ ni. Òun ni olùkọ́ ń gùn, òun ni wolé-wolé ń gùn, òun ni ẹni tí ń ra kòkó àti èkùrọ́ fi ń wọ oko. Òfin ìpìlẹ̀ orílẹ̀-èdè wa ti 1999 pàápàá ṣì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìjọba ìbílẹ̀ ni yóò máa fún kẹ̀kẹ́, ọkọ̀ ọ̀pẹ́ẹ́rẹ́ àti ọmọlanke ní ìwé-àṣẹ. Ẹni tí ó bá ka ibẹ̀ nìkan yóò rò pé kẹ̀kẹ́ ṣì ni ọba ojú ọ̀nà.

Olùkọ́ ni bàbá mi. Raleigh dúdú kan ni wọ́n ń gùn lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, èmi a sì jókòó sórí irin ẹ̀yìn. Bí a bá ti dé ẹsẹ̀ òkè, wọn a ní kí n sọ̀ kalẹ̀, àwọn náà a sọ̀ kalẹ̀, wọn a máa tì í. Mo rò nígbà náà pé àánú kẹ̀kẹ́ ni ó ń ṣe wọ́n. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìṣirò ni. Bí irin olójú eyín tí ó wà níbi ẹsẹ̀ bá ní eyín 44, tí ti ẹ̀yìn sì ní 22, ìyípo kan tí ẹsẹ̀ bá yí ni táyà ẹ̀yìn yóò fi yí ní ẹ̀ẹ̀mejì. Bí àyíká táyà náà bá jẹ́ nǹkan bí mítà 2.1, a jẹ́ pé ẹsẹ̀ yóò gbé ènìyàn lọ sí iwájú ní mítà 4.2 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, èrè ni. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, gbèsè ni, nítorí pé ẹsẹ̀ náà ni yóò gbé ara, kẹ̀kẹ́ àti ẹrù gòkè fún gbogbo mítà 4.2 yẹn. Kẹ̀kẹ́ tí ó ní jíà a máa jẹ́ kí á pààrọ̀: bí iwájú bá di 28, tí ẹ̀yìn náà di 28, mítà 2.1 péré ni ìyípo kan yóò gbé wa lọ. Ẹsẹ̀ yóò yí lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n kò ní tẹ̀ ẹ́ kíkan kíkan mọ́. Òkè náà kò kéré sí i. Díẹ̀díẹ̀ ni a ń san owó rẹ̀. Raleigh bàbá mi kò ní ju eyín kan lọ, nítorí náà ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń san án.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀. Láti Ọ̀tà lọ sí Abẹ́òkúta kò ju nǹkan bí 60 kìlómítà lọ. Ẹni tí ó bá ń lọ ní 15 kìlómítà láàárín wákàtí kan yóò débẹ̀ ní wákàtí mẹ́rin. Láàárín ìwọ̀nba ọ̀nà yìí, irú ilẹ̀ mẹ́ta ni yóò kọjá. Ilẹ̀ Ọ̀tà jẹ́ iyanrìn pupa tí omi kó jọ láti ayébáyé, ó ń gòkè ó ń sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Nígbà tí a bá fi máa dé Ewékorò, òkúta ẹfun ni ó wà nísàlẹ̀, èyí tí ó mú kí wọ́n dá ilé-iṣẹ́ símẹ́ńtì sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1960. Ní Abẹ́òkúta, òkúta akọ, tí ó dàgbà ju gbogbo ìyókù lọ, yọrí jáde sókè, Olúmọ sì ni ìyá wọn. Téńté rẹ̀ ga tó mítà 137 ju ojú òkun lọ. Ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀ kò ní mọ ìgbà tí ilẹ̀ yí padà. Itan ẹni tí ó gun kẹ̀kẹ́ yóò sọ fún un. Olùkọ́ jọ́gíráfì tí ó bá mú kíláàsì rẹ̀ rin ọ̀nà yìí lẹ́ẹ̀kan kò ní nílò pátákó dúdú fún ẹ̀kọ́ náà mọ́.

Ẹnì kan lè ní 137 mítà kò tó òkè. Òótọ́ ni, bí a bá fi wé Asmara ní Eritrea, tí ó ga ju mítà 2,300 lọ, níbi tí Biniam Girmay ti wá, ẹni tí ó borí nígbà mẹ́ta nínú ìpele ìdíje Tour de France ní 2024 tí ó sì gba ẹ̀wù aláwọ̀ ewé. Ní oṣù kẹsàn-án 2025, Kigali, olú ìlú Rwanda tí ó kún fún òkè, ni wọ́n ti ṣe ìdíje àgbáyé ti kẹ̀kẹ́ ojú ọ̀nà, ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò wá sí ilẹ̀ Áfíríkà. Ṣùgbọ́n gíga òkè nìkan kọ́ ni ó ń sọ ènìyàn di ẹni tí ó mọ kẹ̀kẹ́ gùn. Ese Ukpeseraye ṣojú Nàìjíríà ní ìdíje Olympics ti Paris ní 2024. Nígbà tí wọ́n tún fún un láàyè láti díje nínú pápá olóbìrí, ọwọ́ àwọn ará Jámánì ni ó ti yá kẹ̀kẹ́. Ẹsẹ̀ wà, ohun tí ẹsẹ̀ yóò tẹ̀ ni ó wọ́n.

Ọ̀nà wo ni kí á wá gbà? Ọ̀nà márosẹ̀ tí ó gba Ṣàngó lọ sí Ifọ̀ ni gbogbo ènìyàn mọ̀, òun ni mo sì fẹ́ kí ẹ sá fún jù lọ. Lẹ́yìn tí a dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní 1976, ilé-iṣẹ́ pọ̀ sí i ní Ọ̀tà, tírélà sì pọ̀ tẹ̀ lé e. Kò sí àyè tí a yà sọ́tọ̀ fún kẹ̀kẹ́. Bí kòtò bá wà ní bèbè ọ̀nà, ẹni tí ó gun kẹ̀kẹ́ yóò yà sí àárín, àárín náà sì ni tírélà wà. Afẹ́fẹ́ tí tírélà bá fẹ́ sílẹ̀ nígbà tí ó ń kọjá tó láti ti kẹ̀kẹ́ síhìn-ín tì í sọ́hùn-ún.

Àṣìṣe kan wà tí mo ń rí nígbà gbogbo, pàápàá láàárín àwọn òṣìṣẹ́ tí ń lọ sí iṣẹ́ òru àti àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́: wọn a máa gun kẹ̀kẹ́ kọjú sí ọkọ̀ tí ń bọ̀, wọ́n ní kí àwọn lè rí i. Ẹni tí ń fẹsẹ̀ rìn ni ìyẹn tọ́ sí. Bí kẹ̀kẹ́ bá ń sáré 15 kìlómítà ní wákàtí kan, tí ọkọ̀ sì ń sáré 60, tí wọ́n kọjú sí ara wọn, 75 ni wọ́n fi ń súnmọ́ra. Bí wọ́n bá jọ kọjú sí ibì kan náà, 45 ni, awakọ̀ yóò sì rí àyè yà. Ọwọ́ ọ̀tún ni kí kẹ̀kẹ́ máa tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀. Àwọn àgbàlagbà kan ṣì wà tí wọ́n kọ́ kẹ̀kẹ́ nígbà tí ọwọ́ òsì jẹ́ òfin, kí ìjọba tó yí i padà ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972. Ẹ fi pẹ̀lẹ́ bá wọn sọ ọ́. Bí ilẹ̀ bá sì ti ń ṣú, iná níwájú, iná pupa lẹ́yìn, aṣọ funfun lọ́rùn.

Ọ̀nà oko ni tí Ìdí-Ìrókò. Láti Ọ̀tà títí dé Àtàn, ilé-iṣẹ́ àti ilé-ẹ̀kọ́ gíga ni ó kún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ọkọ̀ kò sì kéré. Lẹ́yìn Àtàn ni ọ̀run máa ń là. Oko ẹ̀gẹ́, oko àgbàdo, ọ̀pẹ kọ̀ọ̀kan tí ó dá dúró lórí ìgòkè, àfonífojì olódò kékeré, òmíràn tún ni. Ní Owódé, ènìyàn lè yà sí Ìlaròó. Asọ́bodè àti ọlọ́pàá pọ̀ lójú ọ̀nà yìí nítorí ẹnubodè. Kí ẹ mú ìwé ìdánimọ̀ dání, kí ẹ sì kí wọn kí wọ́n tó kí yín. Fún akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ì tíì gun kẹ̀kẹ́ ju 20 kìlómítà lọ rí, Owódé tó o, kí ó padà síbẹ̀.

Ẹni tí ara rẹ̀ le lè ti Ìlaròó já sí Pápálántò, kí ó tó wá gba Ìtòrí lọ sí Abẹ́òkúta. Ó jìnnà ju títọ́ lọ, ṣùgbọ́n yóò ti fo Ṣàngó àti Ifọ̀. N kò ní tàn yín: láti ìgbà tí ilé-iṣẹ́ símẹ́ńtì Ìbèṣè ti bẹ̀rẹ̀ ní 2012, tírélà ti mọ ọ̀nà Ìlaròó náà. Òwúrọ̀ kùtùkùtù ọjọ́ Àìkú ni mo fara mọ́. Ìlú kan sì wà lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Wásinmi. Ẹni tí ó bá fi kẹ̀kẹ́ dé ibẹ̀ kò ní bi olùkọ́ èdè kankan léèrè ìtumọ̀ orúkọ náà.

Ní ọjọ́ kejì, láti Abẹ́òkúta, adágún Ọyán kò ju nǹkan bí 20 kìlómítà lọ. Dáàmù tí wọ́n fi sé odò Ọyán, tí wọ́n ṣí ní 1983, ni ó bí i. Omi náà tẹ́ tó 40 kìlómítà níbùú lóròó, nítorí kí Abẹ́òkúta àti Èkó lè rí omi mu. Lẹ́yìn òkè àti eruku, ojú ènìyàn a tutù bí ó bá rí i. Ibẹ̀ gan-an ni mo ní ìkìlọ̀ sí. Ẹ má ṣe bọ́ sínú rẹ̀ láti wẹ òógùn ọ̀nà dànù. Aràn àtọ̀sí ajá a máa gbé inú ìgbín kékeré inú omi, a sì máa gba awọ ara wọlé láìsí egbò. Àwọn onímọ̀ tí ó ṣe ìwádìí ní abúlé etí adágún náà rí i pé àrùn náà wọ́pọ̀ níbẹ̀, pàápàá lára ọmọdé. Ẹni tí ó bá ti bọ́ sí i, tí ó sì rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn oṣù díẹ̀, kí ó lọ sí ilé-ìwòsàn. Oògùn rẹ̀ wà, praziquantel ni orúkọ rẹ̀. Omi tí ẹ ó fi wẹ̀, ẹ gbé e láti Abẹ́òkúta nínú ìgò, kí ẹ dè é mọ́ irin ẹ̀yìn.