ÀLÀYÉ: Ṣé lóòótọ́ ni òfin Ghana sọ pé mínísítà kò gbọdọ̀ ju 19 lọ?

Nọ́ńbà 19 wà nínú ìwé òfin Ghana lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó lè tètè ṣi èèyàn lọ́nà. Ohun tó túmọ̀ sí rèé.

Kí ni òfin sọ?

Abala 76 ìwé òfin ọdún 1992 sọ pé ààrẹ, igbákejì rẹ̀ àti mínísítà tí kò dín ní 10, tí kò sì ju 19 lọ, ni yóò wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń bá ààrẹ ṣe ìpinnu ìjọba. Kì í ṣe gbogbo mínísítà ló ń jókòó níbẹ̀.

Abala 78 ló sọ̀rọ̀ nípa yíyan mínísítà. Ó ní kí ààrẹ yan iye tí ètò ìlú bá nílò, kí ilé aṣòfin sì fọwọ́ sí wọn. Kò fi òdiwọ̀n sí i. Ìdí nìyí tí Nana Akufo-Addo fi lè ní mínísítà àti igbákejì mínísítà 110 lọ́dún 2017.

Kí ni Mahama yí padà?

Nígbà ìpolongo ìbò ọdún 2024, John Mahama ṣèlérí pé àwọn mínísítà òun kò ní ju 60 lọ. Ó búra wọlé ní Accra ní ọjọ́ 7, oṣù kìíní, ọdún 2025. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó buwọ́ lu ìwé àṣẹ tó dín iléeṣẹ́ mínísítà kù láti 30 sí 23.

Ṣé àwọn òṣìṣẹ́ wọn pàdánù iṣẹ́ nìyẹn?

Rárá o. Iṣẹ́ àwọn iléeṣẹ́ náà kò parẹ́, ibòmíràn ni wọ́n kó o lọ. Ọ̀rọ̀ omi bọ́ sábẹ́ iléeṣẹ́ iṣẹ́ òde àti ilé gbígbé. Ọ̀rọ̀ oyè jíjẹ àti ẹ̀sìn bọ́ sábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Abala 191 sì sọ pé a kò gbọdọ̀ lé òṣìṣẹ́ ìjọba láìnídìí tó tọ́. Bí mínísítà bá lọ, akọ̀wé àti awakọ̀ ṣì ń gbowó oṣù. Nítorí náà, 23 nìkan kò lè sọ iye owó tí ìjọba rí fi pamọ́.

Ní Nàìjíríà ńkọ́?

Abala 147 òfin tiwa ní kí mínísítà kan, ó kéré tán, wá láti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ààrẹ wa kò lè ní mínísítà tó dín ní 36.

Ní àkótán

Ìgbìmọ̀ ààrẹ nìkan ni 19 dè. Kí ẹ tó pín irú àtẹ̀jáde bẹ́ẹ̀, ẹ wò ó dáadáa: ṣé ìgbìmọ̀ ààrẹ ni wọ́n kà, ṣé àwọn mínísítà pẹ̀lú igbákejì wọn ni, àbí iléeṣẹ́?