Ìwé Tó Ní Ọjọ́ Lórí

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní ará tó ń gbé ní ilẹ̀ òkèèrè. Àwọn kan ń ṣòwò níbẹ̀, àwọn kan ń ṣiṣẹ́ oṣù, àwọn mìíràn sì kó aya àti ọmọ lọ. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa àwọn ìwé tí wọ́n gbọ́dọ̀ ní, àti ohun tó lè ṣẹlẹ̀ bí ìwé kò bá sí, tàbí bí ọjọ́ rẹ̀ bá ti kọjá.

Ìwé mẹ́ta ni a ó sọ̀rọ̀ lé lórí. Èkíní ni páàsìpọ́ọ̀tù. Ìlú tiwa ló ń fún wa ní èyí, láti fi hàn pé ọmọ ìlú náà ni wá. Èkejì ni físà. Ìlú tí à ń lọ ló ń fúnni, ó dà bí ìgbà tí onílé sọ pé, "Ẹ wọlé." Ẹ̀kẹta ni ìwé ìgbélùú. Èyí ló ń sọ pé àlejò lè máa gbé ìlú náà títí di ọjọ́ báyìí. Ẹ má gbàgbé o: "Ẹ wọlé" kọ́ ni "Ẹ máa gbé ibí."

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ènìyàn wa ní Gánà.

Ó ti pẹ́ tí àwọn ará Ògbómọ̀sọ́, Ọ̀fà, Ìnísà, Ṣakí àti Ìgbòho ti ń lọ ṣòwò níbẹ̀. Nígbà náà, Gold Coast ni wọ́n ń pe ilẹ̀ náà. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló ń ṣàkóso ibẹ̀ àti Nàìjíríà, nítorí náà ọ̀pọ̀ kò ka ìwé sí nǹkan. Wọ́n ń tajà ní Àkrà, Kùmásì àti Tàmálè. Wọ́n kọ́lé, wọ́n bímọ. Àwọn ọmọ náà ń sọ èdè ibẹ̀ bí ọmọ onílẹ̀.

Ní 1957, Gánà gba òmìnira. Nàìjíríà gba tirẹ̀ ní 1960. Ẹni tí kì í ṣe àjèjì lánàá wá di àjèjì. Ní 1963, Gánà ṣe òfin lórí àwọn àjèjì, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ kò lọ gba ìwé ìgbélùú. Wọ́n rò pé ẹni tó bá ti pẹ́ ní ìlú ti di ará ìlú.

Bó pẹ́ títí, ogún ọdún ń bọ̀ wá dọ̀la. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Ọ̀mọ̀wé Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kó jáde.

Ọ̀sẹ̀ méjì péré! Ẹ rò ó wò. Bàbá ti tajà láwìn, owó ṣì wà lóde. Ìsọ̀ ìyá kún fún aṣọ. Àwọn ọmọ wà ní ilé-ìwé. Àwọn tó jáde ju 100,000 lọ, àwọn ènìyàn wa sì pọ̀ nínú wọn. Ọ̀pọ̀ ta ẹrù wọn ní ọ̀pọ̀. Lọ́rì kó wọn gba Tógò àti Dàhómì, tí à ń pè ní Bẹ̀nẹ̀ lónìí, wá sílé. Ọmọ mìíràn kò rí ìlú bàbá rẹ̀ rí kó tó di ọjọ́ náà.

Kì í ṣe Gánà nìkan. Ní oṣù kìíní 1983, Nàìjíríà náà fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ará Gánà ló pọ̀ jù nínú wọn. Ibẹ̀ ni àpò "Gánà Mọ́sì Gó" ti gba orúkọ rẹ̀.

Ní 1979, àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí i pé ọmọ ẹgbẹ́ lè wọ ilẹ̀ ara wọn láìgba físà, fún 90 ọjọ́. Ẹni tó bá fẹ́ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ.

Kí ni kí ẹni tó ń gbé òkèèrè ṣe?

1. Kó ka ọjọ́ tó wà lórí ìwé fúnra rẹ̀. Kó wo ti aya àti ti ọmọ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú, torí ìwé bàbá kì í ṣe ìwé ọmọ.

2. Kó kọ́kọ́ wo páàsìpọ́ọ̀tù. Bí ọjọ́ ìyẹn bá ti kọjá, ó ṣòro láti tún ìwé yòókù gbà.

3. Kó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù mélòó kan ṣáájú, torí iṣẹ́ ọ́fíìsì lè falẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó bá béèrè kí ọjọ́ tó pé ṣì wà lábẹ́ òfin títí wọn yóò fi dá a lóhùn. Ẹni tó bá jẹ́ kí ọjọ́ kọjá kò ní ààbò yẹn.

4. Kó tọ́jú rìsíìtì àti ẹ̀dà gbogbo ìwé. Kó má fi ìwé rẹ̀ lé ẹni tí kò mọ̀ lọ́wọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀wé kà, ẹ bá àwọn ará yín tó wà lókèèrè sọ ọ̀rọ̀ yìí nínú lẹ́tà.

Ìbéèrè
1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín físà àti ìwé ìgbélùú?
2. Ọ̀sẹ̀ mélòó ni Gánà fún àwọn àjèjì ní 1969?
3. Ọjọ́ wo ló wà lórí ìwé tiyín?