Fọ́tò Inú Ikùn Ọmọdé

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, bí wọ́n bá bí ọmọ tuntun, kí la máa ń wò? À ń wò ó bóyá ó ké, bóyá ó mu ọmú. Ó ku nǹkan kan: ṣé ó ti yàgbẹ́?

Ìgbẹ́ àkọ́kọ́ ọmọ máa ń dúdú, ó sì máa ń fà bí ọ̀dà. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń yà á kí ọjọ́ kan tó pé. Bí ọjọ́ méjì bá kọjá tí kò jáde, tàbí tí ikùn ń wú, tí èébì ọmọ sì ní àwọ̀ ewé, ẹ má dúró wò ó. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Kí ló ń fà á?

Iṣan tín-ín-rín wà nínú ìfun wa tí ń pàṣẹ fún un kó ti ìgbẹ́ síwájú. Ẹ wo àwọn tó ń kọ́lé: wọ́n á tò lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n á máa gbé bíríkì lé ara wọn lọ́wọ́. Bí àwọn tó wà ní ìparí bá káwọ́ gbera, bíríkì á kún ọ̀dọ̀ àwọn tó kù. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún àwọn ọmọ kan. Láti inú oyún ni iṣan náà kò ti dé ìparí ìfun wọn. Ibẹ̀ á fún pọ̀, òkè rẹ̀ á máa wú.

Hirschsprung, dókítà ará Dẹ́nmáàkì, ló ṣàlàyé àrùn yìí ní ọdún 1886. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é. Nínú nǹkan bí 5,000 ọmọ, ọ̀kan ló ń ní in. Kì í ṣe ẹ̀bi ìyá, kì í sì í ṣe ọwọ́ ayé.

Kí ni fọ́tò wà fún?

Ní Lomé, wọ́n ń ṣiṣẹ́ abẹ fún ọmọdé ní ilé ìwòsàn ńlá Tokoin, CHU Sylvanus Olympio. Kí dókítà tó mú abẹ, á ní kí ẹ lọ ya «radio». Àwọn mìíràn á bínú: «Ara ọmọ ò yá, ẹ ní ká lọ ya fọ́tò!» Ẹ má bínú. Ojú lásán kò rí inú ikùn.

Wọn á fi rọ́bà kékeré fi omi oògùn sí ìdí ọmọ. Oògùn náà á hàn funfun nínú fọ́tò. Ìfun á wá dà bí akèrègbè tí a dojú rẹ̀ kọlẹ̀: ọrùn tín-ín-rín nísàlẹ̀, ikùn ńlá lókè. Ibi tí ọrùn ti pàdé ikùn ni dókítà ń wá. Ibẹ̀ ló fi ń mọ bí ibi tí kò dára ṣe gùn tó. Á gé e kúrò, á fa ìfun tó dára wá sí ìdí. Fún ọmọ mìíràn, wọn á kọ́kọ́ la ihò sí ikùn kí ìgbẹ́ máa gba ibẹ̀ jáde. Wọn á dí i tó bá yá.

Fọ́tò nìkan kò tó o. Wọn á tún mú ẹran bíńtín nínú ìfun, wọ́n á fi ẹ̀rọ wò ó bóyá iṣan wà níbẹ̀. Èyí ló ń fìdí àrùn náà múlẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra

Ẹ má fún ọmọ ní àgbo ìyàgbẹ́. Ẹ má fín omi sí i nídìí nílé: ó lè pa á lára, ó sì lè mú kí fọ́tò má hàn dáadáa. Bí ẹ bá ti ṣe é, ẹ má fi pa mọ́ fún dókítà.

Bí ara ọmọ bá gbóná, tí ikùn le, tó ń ya ìgbẹ́ olómi tó ń rùn gan-an, ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà, kódà bí wọ́n bá ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un.

Ìbéèrè

1. Ọjọ́ mélòó ló yẹ kí ìgbẹ́ àkọ́kọ́ má kọjá?
2. Kí ni dókítà ń wá nínú fọ́tò?
3. Kí ni kò yẹ ká ṣe nílé?