Ọmọ Tí Kò Ṣípá, Ta Ni Yóò Gbé E?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọ tí ó bá ṣípá ni ìyá rẹ̀ ń gbé. Ṣùgbọ́n irú ọmọ kan wà tí kì í ṣípá. Ìyá rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ láti gbé e, ọmọ náà kò ní na ọwọ́, kò sì ní wo ojú rẹ̀. Ní ọdún 1943, Leo Kanner, oníṣègùn ọpọlọ àwọn ọmọdé ní ìlú Baltimore ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kọ ìwé lórí ọmọ 11 tí ìṣe wọn jọra, ó sì ṣàkíyèsí ohun yìí gan-an nípa wọn. Ọ́tísìmù ni ayé ń pè é. Kì í ṣe wèrè, kì í ranni. Bí ọpọlọ ọmọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́ láti kékeré ni ó yàtọ̀. Àwọn onímọ̀ ìgbà náà pàápàá di ẹ̀bi rẹ̀ ru òbí, wọ́n ní àìfẹ́ràn ọmọ ni ó fà á. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí wọ́n tó gbà pé irọ́ ni.

Láàrin àwa Yorùbá, ó ṣòro láti tètè rí àmì yìí, nítorí ọmọ tí kò tẹjú mọ́ àgbà, ọmọ tí ó ní ẹ̀kọ́ ni. Ìgbà tí a bá kí i tí kò dáhùn, tí kò kúnlẹ̀ tí kò sì dọ̀bálẹ̀, ni a ó sọ pé àbíìkọ́ ni. Bí ó bá pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ a di ti ẹ̀mẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa ń pe abuké, arọ àti àfín ní ẹni òrìṣà, nítorí wọ́n gbà pé ọwọ́ Ọbàtálá ni ó mọ wọ́n. Ẹni tí ó bá fi wọ́n ṣẹ̀sín, òrìṣà ni ó fi ṣẹ̀sín. Ó ṣe ni láàánú pé ara ni wọ́n ń wò. Ọmọ tí ara rẹ̀ pé, tí ìṣe rẹ̀ yàtọ̀, kò rí ààbò yẹn.

Lónìí, ilé ìjọsìn ni òbí ń gbé e lọ. Lójú títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, kí ènìyàn tó dé Ìbàfò ni ibùdó àdúrà ìjọ Òkè Iná àti Iṣẹ́ Ìyanu wà. Ní ẹ̀gbẹ́ Mówè ni ti ìjọ Redeemed, tí wọ́n ra ilẹ̀ rẹ̀ ní 1983, tí ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn ń rọ́ lọ ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ oṣù. Ẹ fojú inú wo ọmọ tí etí rẹ̀ kò lè ya ìró kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì, láàrin ìlù, ẹ̀rọ gbohùngbohùn, jẹnẹrétọ̀ àti àmín ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn. Yóò fọwọ́ dí etí, yóò ké, yóò ṣubú lulẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹnìkan yóò ti wí pé ẹ̀mí àìmọ́ ń jà nínú rẹ̀. Wọn a dì í mú, wọn a gbé ohùn àdúrà sókè sí i: ohun tí ó ń sá fún gan-an ni wọ́n tún fi kún un. Òmíràn a fi ebi àti pàṣán kún un, bẹ́ẹ̀ ni Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 kò gbà á. Ìyá a gbé ọmọ rẹ̀ jáde. Bí Ọjọ́ Ìsinmi mìíràn bá dé, a jókòó sílé. Ẹni tí ó bí ọmọ ọ̀ràn ni í pọ̀n ọ́n, òótọ́ ni. Àwọn tí ó sọ bẹ́ẹ̀ náà ni ó sọ pé ojú mẹ́rin ni í bí ọmọ, igba ojú ni í wò ó.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé. Wọ́n kọ̀ fún tọkọtaya kan láti bá àwọn ará Kátólíìkì lọ sí Lourdes, nítorí làákàyè àwọn ọmọkùnrin wọn méjèèjì kò dàgbà. Ọ̀rọ̀ náà ká Marie-Hélène Mathieu àti àwọn mìíràn lára, wọ́n sì ṣètò ìrìn-àjò tiwọn ní Àjíǹde 1971. Nǹkan bí 12,000 ènìyàn ni ó lọ, tí nǹkan bí 4,000 nínú wọn sì jẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ Foi et Lumière ti bẹ̀rẹ̀, tí ó sì tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè.

Ohun tí ìjọ lè ṣe kò gba owó rẹpẹtẹ. Ìjọ kékeré ní Ìfọ̀, níbi tí gbogbo ará ti mọ ara wọn, tilẹ̀ lè ṣe é ju ibùdó ńlá lọ. Àga nítòsí ilẹ̀kùn, kí ìyá lè jáde kí ó sì wọlé láìsí pé igba ojú tẹ̀lé e. Úṣà kan tí ó mọ orúkọ ọmọ náà, tí ó sì mọ̀ pé kò fẹ́ kí a ṣàdédé fọwọ́ kan òun. Kí olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi fi àwòrán han ọmọ náà bí ìsìn yóò ṣe lọ: orin, àdúrà, ọrẹ, ilé, ọkàn rẹ̀ a máa balẹ̀ bí ó bá mọ ohun tí ó kàn. Àwọn àgbà ìjọ kan yóò ní èyí ń ba ètò jẹ́. Àgbà ń hanrun nígbà ìwàásù, ẹnikẹ́ni kò sì lé e jáde.

Ọjọ́ ìkórè ni ọ̀rọ̀ yìí máa ń hàn jù lọ. Wọn a pe ìdílé kọ̀ọ̀kan lórúkọ, bàbá, ìyá àti ọmọ a jó lọ síwájú, ìlù a sì máa ró. Ìdílé tí ó ní irú ọmọ yìí a fi í sílé pẹ̀lú ìyá àgbà, wọn a jó láìpé. Bẹ́ẹ̀, akọ̀wé ìjọ ni ó ń to orúkọ wọ̀nyẹn. Ó lè fi tiwọn ṣe àkọ́kọ́, kí àwọn onílù tó gbé ọ̀pá.