Yíyan Ẹ̀rọ Purojẹ́kítọ̀ fún Ìlò Kíláàsì: Kíkọ́ Èdè Yorùbá Gẹ́gẹ́ bí Àpẹẹrẹ

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àlàyé lórí ohun tí ó yẹ kí àwọn aláṣẹ ilé-ẹ̀kọ́ yẹ̀ wò kí wọ́n tó ra ẹ̀rọ purojẹ́kítọ̀. Ohun mẹ́rin ni ó gbé yẹ̀ wò: agbára ìmọ́lẹ̀, ìmọ́gaara lẹ́tà, ibi tí a óò gbé ẹ̀rọ sí, àti iná mànàmáná. Èrò tí iṣẹ́ yìí gbé kalẹ̀ ni pé ojú akẹ́kọ̀ọ́ tí ó jókòó sẹ́yìn pátápátá ni òṣùwọ̀n ẹ̀rọ, kì í ṣe iye owó tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀.

Ìfáárà

Ó ti pẹ́ tí pátákó ìkọ̀wé àti ṣọ́ọ̀kì ti jẹ́ ohun èlò pàtàkì fún olùkọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá. Purojẹ́kítọ̀ kò wá láti lé pátákó kúrò nílé. Ohun tí pátákó kò lè ṣe ni ó wá ṣe. Olùkọ́ tí ó ń kọ́ni ní ẹkún ìyàwó lè fi fídíò ìyàwó tí ó ń sunkún han kíláàsì. Èyí tí ó ń kọ́ni ní iṣẹ́ aṣọ òkè lè fi òfì àti ọ̀kọ̀ ìhunṣọ hàn wọ́n kedere.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, owó tí àwọn òbí dá jọ ni a fi ń ra irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a sì máa ń rí i rà. Bí wọ́n bá rà á tán tí kò bá kíláàsì mu, inú kọ́bọ́ọ̀dù ni yóò máa gbé, owó òbí yóò sì ti wọgbó. Ìdí nìyí tí àlàyé fi gbọ́dọ̀ ṣáájú ìnáwó.

Agbára ìmọ́lẹ̀

Lúmẹ́nì ni a fi ń wọn ìmọ́lẹ̀ tí purojẹ́kítọ̀ ń tú jáde. Iye lúmẹ́nì nìkan kò tó. Bí a ṣe fẹ àwòrán náà tó àti bí oòrùn ṣe wọ kíláàsì tó ṣe pàtàkì bákan náà. Bí ẹ̀rọ tí ó ní 3,000 lúmẹ́nì bá ju àwòrán tí ó fẹ̀ ní mítà 2, tí ó sì ga ní mítà 1.5, ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀ yóò jẹ́ 1,000 lux. Bí a bá fẹ àwòrán kan náà dé mítà 3, yóò lọ sílẹ̀ sí nǹkan bí 444 lux.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ọ̀rọ̀ oòrùn. Bí 500 lux bá ń ti ojú fèrèsé bọ́ sára aṣọ funfun tí a ń ju àwòrán sí, ibi tí ó yẹ kí ó dúdú kò ní dúdú mọ́. Ibi funfun yóò jẹ́ 1,500, ibi dúdú yóò jẹ́ 500: ìlọ́po mẹ́ta péré ni ìyàtọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n bí a bá ta aṣọ tí ó nípọn sí fèrèsé, tí ìmọ́lẹ̀ òde sì kù sí 100 lux, ìyàtọ̀ náà yóò di ìlọ́po mọ́kànlá. Èyí fi hàn pé aṣọ fèrèsé olówó pọ́ọ́kú lè ṣe ju àfikún lúmẹ́nì olówó iyebíye lọ.

Ó yẹ kí a ṣọ́ra pẹ̀lú. Lúmẹ́nì tí a wọ̀n ní ìlànà ANSI tàbí ISO ni ó ṣeé gbára lé. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú ni wọ́n kọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún lúmẹ́nì sí lára láìsọ ìlànà tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n.

Ìmọ́gaara lẹ́tà

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan olùkọ́ èdè Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Àwọn ẹ̀kán ìmọ́lẹ̀ kéékèèké tí à ń pè ní píkísẹ́lì ni ó para pọ̀ di àwòrán. Ẹ̀rọ tí ó ní 800 lọ́nà 600 yóò pín àwòrán oní-mítà 2 sí ẹ̀kán tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní mìlímítà 2.5, ti èyí tí ó ní 1,280 lọ́nà 800 kò ju mìlímítà 1.6 lọ. Bí olùkọ́ bá kó ìlà 20 sí ojú àwòrán lórí ẹ̀rọ àkọ́kọ́, píkísẹ́lì 30 ni ó kan ìlà kọ̀ọ̀kan. Inú 30 yìí ni lẹ́tà, àmì ohùn, àmì ìsàlẹ̀ àti àlàfo yóò ti máa du àyè.

Àkóbá tí èyí ń ṣe kò kéré. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò rí àmì kò lè mọ ìyàtọ̀ láàrin ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀. Ẹsẹ̀ tí a fi ń rìn lè di ẹ̀ṣẹ̀ mọ́ ọn lójú. Olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì lè fara da àwòrán tí kò mọ́ gaara; ti Yorùbá kò lè fara dà á. Nítorí náà, 1,280 lọ́nà 800 ni ó yẹ kí ó kéré jù, kí ìlà ojú àwòrán má sì ju mẹ́jọ sí mẹ́wàá lọ.

Ó yẹ kí olùrà tún béèrè iye píkísẹ́lì tí ó jẹ́ ti ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Àwọn kan ń kọ ọ́ sára páálí pé ẹ̀rọ wọn gba 1,920 lọ́nà 1,080, bẹ́ẹ̀ ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ó lè gba irú àwòrán bẹ́ẹ̀ wọlé, kí ó sì fún un pọ̀ mọ́ ìwọ̀nba tí ó ní.

Ibi tí a óò gbé ẹ̀rọ sí

Bí ìwé ẹ̀rọ bá sọ pé ìṣirò ìjìnnà rẹ̀ jẹ́ 1.5, àwòrán oní-mítà 2 ń fẹ́ kí ẹ̀rọ jìnnà ní mítà 3. Òjìji olùkọ́ yóò sì máa bo àwòrán bí ó bá kọjá níwájú rẹ̀. Èyí tí ìṣirò rẹ̀ jẹ́ 0.5 kò fẹ́ ju mítà 1 lọ. Ó wọ́n díẹ̀, ṣùgbọ́n ó dára fún kíláàsì tí èrò kún.

Iná mànàmáná àti eruku

Ẹ̀rọ onígílóòbù ń fẹ́ kí fáànù rẹ̀ fẹ́ atẹ́gùn sí gílóòbù lẹ́yìn tí a bá pa á. Bí iná bá lọ lójijì, ooru yóò há mọ́ ọn nínú, èyí sì lè dín ọjọ́ ayé gílóòbù kù. Ti onílésà kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ń tàn, ó sì ń kú lójú ẹsẹ̀. Gílóòbù lè lo nǹkan bí wákàtí 4,000; lésà lè lo 20,000. Bí kíláàsì bá ń lo ẹ̀rọ fún wákàtí 4 lójúmọ́, ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 39, wákàtí 780 ni lọ́dún. Gílóòbù yóò lo bí ọdún márùn-ún. Nítorí náà, ẹ̀rọ onígílóòbù kì í ṣe àṣìyàn fún ilé-ẹ̀kọ́ tí iná rẹ̀ dúró déédéé, tí ó sì mọ ibi tí yóò ti rí gílóòbù mìíràn rà.

Ẹ̀rọ tí ó ń gba 300 wáàtì yóò lo 600 wáàtì-wákàtí láàrin wákàtí 2. Bátìrì 12 fóòtì, 200Ah, gba 2,400, ṣùgbọ́n kò dára kí a lò ju ìdajì rẹ̀ lọ bí ó bá jẹ́ bátìrì olómi. Ínfátà àti irú bátìrì kan bẹ́ẹ̀ tó fún iṣẹ́ náà láìsí ariwo jẹnẹrétọ̀.

Ní ti eruku, pàápàá nígbà ọyẹ́, a gbọ́dọ̀ máa nu asẹ́ ẹ̀rọ tí ó bá ní in. Àwọn ẹ̀rọ DLP kan, irú èyí tí ìmọ̀ rẹ̀ ti ọ̀dọ̀ Larry Hornbeck ti ilé-iṣẹ́ Texas Instruments wá ní 1987, kò ní asẹ́. Ti LCD sábà máa ń ní in.

Àgbálọgbábọ̀

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n owó nìkan kọ́ ni ó ń se ọbẹ̀. Ìdánwò kan wà tí kò ná ni ní nǹkan kan: kí olùkọ́ kọ ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ sí ojú àwòrán kan, kí ó gbé e lọ sọ́dọ̀ òǹtajà, kí wọ́n ṣí fèrèsé sílẹ̀ ní ọ̀sán gangan, kí ó sì dúró ní mítà 8 sí àwòrán. Bí ó bá ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láìṣì í kà, kí wọ́n máa bá ọ̀rọ̀ owó lọ. Bí kò bá rí àmì, kí wọ́n fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ fún ẹni tí ó ni ín.