Ẹ jẹ́ ká mọ̀: "Wípé" kọ́ ni "pé"

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ lẹ́tà iṣẹ́, ìkéde tàbí ìròyìn ní èdè Yorùbá, ẹ dákun, ẹ ṣọ́ ọ̀rọ̀ kékeré yìí: "wípé". Ọ̀rọ̀ méjì ni, "wí" àti "pé". "Wí" sì ni kéèyàn sọ̀rọ̀. "Alága wí pé ká dúró" tọ̀nà, nítorí alága ló la ẹnu. Ṣùgbọ́n "mo gbọ́ wípé" ńkọ́? Etí ló gbọ́, ta ló wí? "Mo gbọ́ pé" ló tọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni "a mọ̀ pé".

Àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní ọdún 1974 kò fẹ́ ká máa lẹ ọ̀rọ̀ pọ̀ mọ́. "Nígbà tí", "gẹ́gẹ́ bí" àti "ń lọ" la ń kọ. Bákan náà, "aiye" ti di "ayé", "enia" ti di "ènìyàn".

Ti àmì ohùn ló ń dùn mí jù. Àmì kan péré ló wà láàárín ọkọ tó fẹ́ ìyàwó àti ọkọ̀ tí à ń wọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó fi ìwé ránṣẹ́, ẹ kà á sókè lẹ́ẹ̀kan sí i.